AC Tó Ń Tutù Lórí Eré, Tó Ń Gbóná Nínú Súnkẹrẹ

Ìbéèrè: Bàbá Mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mo ń wà. Bí mo bá ń sáré bọ̀ láti Ọ̀yọ́, AC rẹ̀ á tutù débi pé màá fi ìborùn bo apá. Kí n ṣáà dé Òjòó, kí ọkọ̀ dúró sójú kan, atẹ́gùn gbígbóná ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti rọ gáàsì sí i láàárín oṣù mẹ́rin. Omi tún ń kán lábẹ́ rẹ̀. Ṣé gáàsì ló ń jò dànù? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ó dùn mí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbowó yín láìsí ẹni tó bá yín wo iwájú ọkọ̀ náà.

Omi yẹn kì í ṣe gáàsì. Inú afẹ́fẹ́ ló ti wá, bí ara ìgò mínírà tútù ṣe máa ń làágùn. Orí kápẹ́ẹ̀tì, lẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú, ni kò gbọdọ̀ dé. Bó bá débẹ̀, ihò tó ń gbà jáde ti dí nìyẹn.

Gáàsì kì í tán bí epo bẹntiróòlù. Inú páìpù tí a sé pinpin ló ń yí ká. Bó bá dín, ó jò ni. Òróró ń bá a yí ká, nítorí náà eruku sábà máa ń lẹ̀ mọ́ oríkèé tó ti ń jò, á dúdú, á máa yọ̀ bí ìdí agbada àkàrà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ yìí kò jọ àìtó gáàsì. Fáànù iwájú ni ojú mi lọ, àti condenser, irin pẹlẹbẹ tó wà níwájú rédíétọ̀, tó ń tú ooru AC dànù. Bí ẹ bá ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà ń fẹ́ sí i. Bí ẹ bá dúró, fáànù nìkan ló kù.

Ẹ páàkì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tan AC, kí ẹnìkejì yín máa wo fáànù. Ó yẹ kó yí. Ẹ so ìró mọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má nawọ́ sí i, torí ó lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń yí, ẹ bu omi sí condenser láti iwájú, díẹ̀díẹ̀. Bí AC bá tutù lójú ẹsẹ̀, ooru ni kò ríbi gbà jáde. Oṣù tó kọjá, mo fa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́ta àti ewé gbígbẹ jáde láàárín condenser àti rédíétọ̀ ọkọ̀ kan tí wọ́n ti ní kí ẹni tó ni ín lọ ra compressor tuntun, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC yí ká nínú páìpù. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló parí ọ̀ràn náà.

Gáàsì àfikún yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Bó bá pọ̀ jù, agbára inú páìpù á ga, compressor á máa dá iṣẹ́ dúró, AC á túbọ̀ gbóná. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní R134a ni AC ọkọ̀ yín ń lò, ìwọ̀n tó yẹ sì wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ jáde, kí wọ́n gbé òmíràn sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó rọ ọ́. Ẹni tó bá ní ojú lòun fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Bí ọwọ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn bá ń gòkè nínú súnkẹrẹ, ẹ pa AC náà, kí ẹ má sì wa ọkọ̀ náà lọ sí Ọ̀yọ́ títí fáànù yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́.