Jìtá ọlọ́wọ́ òsì: bí Jimi Hendrix ṣe ń ṣe é

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé òótọ́ ni pé Jimi Hendrix, ọ̀gá onígìtá ọmọ Amẹ́ríkà tó ń lo ọwọ́ òsì, kàn yí jìtá padà ni, kí ọmọ ọlọ́wọ́ òsì tó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Tákíè lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Stratocaster, irú jìtá oníná kan, tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń lò. Ó á yí i, á wá tún wáyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò, kí èyí tó tóbi jù lè wà lókè.

Wàhálà ibẹ̀ ni egungun kékeré tí wáyà ń gbà kọjá lókè ọrùn jìtá. Ojú tí wọ́n gé síbẹ̀ fún wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè gba wáyà ńlá, á kàn gùn ún lórí ni. Tẹ́ẹ́rẹ́ náà á máa mì nínú ojú ńlá, á máa han. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èyí tí wọ́n gé fún ọwọ́ òsì rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n sì ṣí ìkọ́ bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gbé jìtá kọ́rùn lọ sí ìwo kejì lára jìtá. Kọ́rọ́bọ́tọ́ fólúùmù á bọ́ sókè o, apá á máa gbá a.

Ti iṣẹ́ Hendrix, kò ṣàdédé là. Lẹ́yìn tó kúrò ní sójà ní 1962, ẹ̀yìn àwọn olórin bíi Little Richard àtàwọn Isley Brothers ló ń ta jìtá sí, kí Chas Chandler, tó di máníjà rẹ̀, tó mú un lọ Lọ́ńdọ̀nù ní 1966. Ó kú ní 1970, ọmọ ọdún 27.

Hendrix tún sábà máa ń dẹ wáyà wálẹ̀ ní ìdajì ohùn. Kí ọmọ yín má dán ìyẹn wò o, kò ní bá kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì mu.