Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ọ̀dọ́ eléré họ́kì orí yìnyín ń tẹ̀ síwájú?

Iye góòlù sáà kan ṣoṣo kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bí iye náà ṣe ń yí padà láti ọdún dé ọdún, ọjọ́ orí ọmọ náà sí ti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré, àti iye ìṣẹ́jú tí olùkọ́ni ń fún un lórí yìnyín.

Jarome Iginla, ọmọ Kánádà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti Nàìjíríà, ni àpẹẹrẹ tó dára jù lójú mi. Ní sáà 1994 sí 1995, góòlù 33 ló gbá wọlé fún Kamloops Blazers nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL, líìgì họ́kì tó ga jù lọ ní Àríwá Amẹ́ríkà, ń yan àwọn ọ̀dọ́ eléré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún 1995, Dallas Stars yan án ní ipò kọkànlá, wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Calgary Flames kí ọdún náà tó parí. Ní sáà 1995 sí 1996, tó ṣì ń gbá fún Kamloops, góòlù rẹ̀ di 63. Irú ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ nínú líìgì kan náà ṣe pàtàkì ju ipò tí wọ́n ti yan án lọ. Síbẹ̀, lẹ́yìn góòlù 21 ní sáà àkọ́kọ́ tó lò tán nínú NHL, ó já wálẹ̀ sí 13 ní sáà kejì, ẹni tó bá sì kánjú ì bá ti sọ ìrètí nù. Ní sáà 2001 sí 2002, ó gbá 52 wọlé, kò sì sí ẹni tó gbá tó o nínú gbogbo líìgì náà.

Ní ti aṣọ́lé, ẹ fi kún sùúrù yín, torí pé wọ́n sábà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbó ju àwọn tó ń gbá wájú lọ.