Ǹjẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ní Èkó lè lo ibi iṣẹ́ àjọlò (co-working space, ibi tí oríṣiríṣi èèyàn ti ń sanwó láti jọ lo ọ́fíìsì kan) dípò kó háyà ọ́fíìsì tirẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá gbà ju kọ̀ǹpútà, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Owó tí èèyàn ń kó sílẹ̀ kó tó gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ jù: owó ilé ọdún kan ó kéré tán, owó ejẹ́ǹtì, owó agirimẹ́ǹtì, lẹ́yìn náà jẹnẹrétọ̀, tábìlì àti àga. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì pọ̀ gan-an níbẹ̀.

Ní ibi iṣẹ́ àjọlò, èèyàn lè sanwó ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń wà nínú owó náà. Co-Creation Hub ní Yábàá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀.

Kò bá gbogbo iṣẹ́ mu o. Agbẹjọ́rò tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí nílò yàrá tó ní ilẹ̀kùn, télọ̀ kò sì lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síbẹ̀. Kí ẹ tó san owó oṣù, ẹ kọ́kọ́ san ti ọjọ́ kan, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n máa ń ṣí lálẹ́, pàápàá tí àwọn oníbàárà yín bá wà ní Amẹ́ríkà.