Ẹ Bi Wá: Ṣé lóòótọ́ ni odò Ògùnpa kó àwọn ẹranko Agodi lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa parí ìjà kan nílé wa. Lọ́jọ́ kejì ọdún Iléyá a kó àwọn ọmọ lọ sí Agodi Gardens, màmá mi náà bá wa lọ. Bí wọ́n ṣe dé etí adágún omi yẹn báyìí ni wọ́n dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ní "ẹranko tó wà níbí nígbà tiwa ju báyìí lọ, Ògùnpa ló kó wọn lọ". Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ yìí náà ni. Ọkọ mi ní màmá ti gbàgbé ni, pé ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n ń rò, pé ìjọba Ajímọ̀bí, gómìnà Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ Agodi. Ta ló jàre? Ìyá Ìbejì, Bódìjà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, màmá ló jàre o. Kí Bàbá Ìbejì yáa ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà lọ fi bẹ̀ wọ́n.

Ìjọba Ajímọ̀bí ò kọ́ ibẹ̀, wọ́n tún un ṣe ni. 1967 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ olú ìlú Western State, orúkọ tó sì ń jẹ́ nígbà yẹn ni Agodi Zoological and Botanical Gardens, ìyẹn ni pé ọgbà ẹranko ni, ọgbà igi àti ewéko sì tún ni. Ilẹ̀ náà tó éékà 150, ẹ ò sì lè mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ ibi ìwẹ̀ nìkan lẹ máa ń jókòó sí.

Odò Ògùnpa gba inú ibẹ̀ kọjá, òun náà ni wọ́n sé tó fi di adágún tí màmá dúró tì yẹn. Ní Sọ́ńdè, 31 Oṣù Kẹjọ 1980, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá, Ògùnpa kún, ó sì jáde kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn èèyàn ti kọ́lé dé ẹnu omi, wọ́n ti da pàǹtí dí i, kò wá síbi tí omi máa gbà mọ́, ló bá ń gba inú ilé àti ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó lé ní igba èèyàn tó bá a lọ. Ọdún yẹn náà ni gbogbo wa ń pè ní Omíyalé títí dòní. Ẹranko tó wà nínú kéèjì, níbo ló fẹ́ sá gbà? Díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà yẹn, Òkè-Bọ́lá là ń gbé. Nígbà tí omi fà, ó fi àmì sílẹ̀ lára ògiri pálọ̀ wa, ilà kan báyìí tó rí bí ìgbà tí wọ́n fi ẹrẹ̀ fà á, bàbá wa ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ọ̀dà bò ó. Ọdọọdún la máa ń lọ dúró tì í kí wọ́n wò ó bóyá a ti ga ju omi lọ. Mo ti pé ọdún mẹ́tàlá kí orí mi tó yọ lókè ilà yẹn o.

Lẹ́yìn Omíyalé, Agodi kàn wà bẹ́ẹ̀ ni, igbó gbà á. 2012 ni àtúnṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣí i padà ní 2014. Ọgbà ẹranko kékeré wà níbẹ̀ báyìí, ibi ìwẹ̀ tí àwọn ọmọdé ti ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ sínú omi, ọkọ̀ ojú omi, ẹṣin gígùn, àti àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà tí fótò yíyà ò jẹ́ kí wọ́n ráyè jẹun. Èmi o, ariwo ibi ìwẹ̀ pọ̀ jù fún mi. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi létí adágún, ẹ máa wo lékeléke.

Ọkọ yín náà ò kúkú jẹ̀bi tán. Yunifásítì ní ọgbà ẹranko tiwọn lóòótọ́, 1948 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti fi kọ́ ẹ̀kọ́, ó wá di ọgbà gidi ní 1974. Ibẹ̀ ni àwọn ìnàkí méjì yẹn, Àrúnà àti Ìmádé, gbé. Kò sọ́mọ iléèwé ìgbà náà tí ò mọ̀ wọ́n. Àmọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni Agodi.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n sin òyìnbó sábẹ́ Láyípo, ilé ìṣọ́ tó wà ní Òkè-Àrẹ n'Ìbàdàn? Ọmọ Òjé.

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni, ọmọ Òjé. Ìrántí Captain Robert Lister Bower ni wọ́n fi ṣe, òun ló kọ́kọ́ jẹ́ Rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Ìbàdàn láti 1893, òun náà ló yìnbọn ńlá lu Ọ̀yọ́ ní 1895, ẹ wo irú ẹni tí wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ fún! Ọ̀gbẹ́ni padà sí Ìlú Ọba, ó ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ló kú sí. 1936 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ náà, ẹnjiníà tó kọ́ gbọ̀ngàn Mápó, Taffy Jones, ló kọ́ ọ. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60, àtẹ̀gùn inú rẹ̀ 47, ó sì ń yí po bí èèyàn ṣe ń gùn ún, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Láyípo. Ẹ má wọ bàtà gíga lọ o, èmi wọ̀ ọ́, ọwọ́ ni mo fi gbé e sọ̀ kalẹ̀.