Èsì: Ṣé ibuprofen ti so mọ́ sílíkà lóòótọ́?

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. O ní o lọ ibuprofen, oògùn ìrora, pọ̀ mọ́ sílíkà, èròjà tó wà nínú iyanrìn, pé àmì yíyọ́ rẹ̀ tó máa ń wà ní nǹkan bíi 76°C ti pòórá nínú DSC, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru tí nǹkan ń gbà bó ṣe ń yọ́, o wá ń bèèrè bóyá wọ́n ti so mọ́ra. Jọ̀ọ́, má tíì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí pípòórá yẹn ń sọ ni pé ètò inú kírísítálì náà ti dàrú. Kò sọ ẹni tó di ẹni mú.

FTIR, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared wo ìsopọ̀ inú mólékù, ló máa sọ ìyẹn. Nínú kírísítálì, méjì méjì ni mólékù ibuprofen ń di ara wọn mú. Bí Si–OH (sílíkọ́nì tí ọ́síjìn àti háídírójìn so mọ́) tó wà lójú sílíkà bá yà wọ́n, tó sì gba ọ̀kan mọ́ra, àmì C=O (ìsopọ̀ kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn inú ibuprofen) tó wà nítòsí 1720 cm⁻¹ á yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lo máa fi wé e? Po ìwọ̀n kan náà pọ̀ láìlọ̀ ọ́, kí o sì tún lọ ibuprofen nìkan fún iye ìṣẹ́jú kan náà. Má fo èyí rárá.

Nígbà tí mò ń ṣe tèmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, odó gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, ìyẹ̀fun náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí àmàlà tó gbẹ mọ́ ìkòkò. Ibuprofen kì í pẹ́ yọ́. Lọ̀ ọ́ díẹ̀, jẹ́ kó tutù, ha á, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Kí o sì kọ́kọ́ sá sílíkà yẹn sínú ààrò, pàápàá lásìkò òjò yìí, torí omi ló máa ń kọ́kọ́ gba àyè oògùn.