Kọ́kọ́rọ́ SSH méjì fún àkáǹtì GitHub méjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kọ́kọ́rọ́ SSH (fáìlì tí kọ̀ǹpútà yín fi ń wọlé dípò ọ̀rọ̀ aṣínà) tó wà lórí àkáǹtì tiyín ní GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù sí, ni ẹ fẹ́ fi sí ti ibi iṣẹ́ yín ní Tankẹ, Ìlọrin, tí GitHub sì kọ̀ jálẹ̀. Kò ní gbà láéláé, torí kọ́kọ́rọ́ yẹn ló fi ń dá èèyàn mọ̀. Ẹ ṣe òmíràn:

ssh-keygen -t ed25519 -f ~/.ssh/id_ise

Fáìlì méjì ni yóò jáde. Èyí tó parí sí .pub ni kí ẹ fi sórí àkáǹtì iṣẹ́. Èkejì kò gbọdọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín, ìbáà ṣe ọ̀gá yín ló béèrè. Ẹ wá kọ èyí sínú ~/.ssh/config:

Host github-ise
  HostName github.com
  User git
  IdentityFile ~/.ssh/id_ise
  IdentitiesOnly yes

Ẹ má fo ìlà tó kẹ́yìn yẹn o! Láìsí i, ssh-agent, ètò tó ń bá yín tọ́jú kọ́kọ́rọ́ lórí kọ̀ǹpútà, lè kọ́kọ́ na kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì tiyín sí GitHub, ẹ ó sì wọlé pẹ̀lú orúkọ tí ẹ ò fẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń dà rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Nínú fódà iṣẹ́, ẹ yí àdírẹ́sì tí git ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí padà (ẹ fi orúkọ tiyín rọ́pò akanti/ise):

git remote set-url origin git@github-ise:akanti/ise.git

Tí ẹ bá tẹ ssh -T git@github-ise, yóò fi orúkọ àkáǹtì tó rí kí yín. Ẹ tún fi git config user.email ṣètò ímeèlì iṣẹ́ yín nínú fódà náà, torí kọ́kọ́rọ́ kọ́ ló ń pinnu orúkọ tó ń hàn lára commit, ìyẹn àkọsílẹ̀ àyípadà tí ẹ bá ṣe sí kóòdù.