Fíìmù olórin àtijọ́: fi èyí tí orin ti jẹ́ iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o kọ. O ní o fẹ́ mọ àwọn fíìmù olórin ayé àtijọ́, ti Hollywood àti ti Íńdíà, torí o ń gbọ́ báwọn àgbà ṣe ń yìn wọ́n. Èyí tó o kọ́kọ́ gbé sí i, àwọn ọmọ ìta ń jó kiri títì nígbà tó yẹ kí wọ́n máa jà, o ò rí ìdí tí wọ́n fi ń kọrin, lo bá pa á. O wá béèrè èwo ni kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀, àti bóyá àwọn ọmọ rẹ lè bá ọ wò ó.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù fídíò n'Íbàdàn fún ọdún gbọọrọ, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì VHS títí díìsìkì fi gba ìgboro. Èmi ni mò ń yá àwọn èèyàn ní fíìmù, èmi náà ni wọ́n ń dá a padà fún pẹ̀lú ìbínú tí kò bá dùn mọ́ wọn. Ohun tí mo rí ni pé orin gan-an kọ́ ló ń lé wọn sá. Ẹni tó ní òun kò fẹ́ràn fíìmù olórin, ẹ bá a lóde àríyá, yóò jókòó ti olórin mọ́jú. Àwọn bàbá wa pàápàá, ṣé Ogunde bẹ̀rẹ̀ eré rí láìkọ́kọ́ kọrin ìbẹ̀rẹ̀? Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò tíì sọ ọ́ tán, ó ti di orin, àwọn onífèrè tí a ò rí sì ti ń gbè é. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ yọ fíìmù tí orin ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó wà nínú ìtàn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: olórin ni wọ́n, tàbí oníjó, tàbí akéwì. Tí irú wọn bá dìde kọrin, ta ni yóò béèrè ìdí? Kó o tó wo méjì mẹ́ta tán, ara rẹ á ti gbà á, ẹni tó bá wá ń kọrin lórí òkè kò ní ṣe ọ́ ní kàyéfì mọ́.

Èyí tó o pa yẹn, àfi tí kì í bá ṣe West Side Story, ti 1961. Fíìmù ńlá ni, Oscar mẹ́wàá ló gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Gbé e tì ná, wàá padà sí i.

Singin' in the Rain ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. 1952 ló jáde, ìṣẹ́jú 103 péré, Gene Kelly àti Stanley Donen ló jọ darí rẹ̀. Ọdún 1927 ni ìtàn náà dá lé, nígbà tí fíìmù tí kò lóhùn ń kógbá wọlé, tí èyí tó ń sọ̀rọ̀ ń dé. Jìnnìjìnnì bá ilé iṣẹ́ fíìmù kan, torí gbajúmọ̀ obìnrin tí wọ́n gbójú lé, Lina Lamont, arẹwà ni lóòótọ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ ń gúnni létí. Ni wọ́n bá fi ọmọbìnrin kan pamọ́ sẹ́yìn tí yóò máa sọ̀rọ̀, tí yóò sì máa kọrin fún un, kí aráyé lè rò pé òun ni. Òṣèré àti oníjó ni gbogbo wọn, nítorí náà orin inú rẹ̀ kì í já lù ọ́ lójijì.

Wo ibi tí Kelly, tó tún ṣe òṣèré àgbà inú rẹ̀, ti ń jó nínú òjò dáadáa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin olólùfẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí ọkọ̀ tó ń dúró dè é máa lọ, ó pa agboòrùn rẹ̀ dé, ó fò mọ́ òpó iná, ó lọ dúró sábẹ́ páìpù tó ń da omi òrùlé sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sínú ọ̀gbàrá ẹ̀bá títì, ó ń fẹsẹ̀ ta omi kiri, títí ọlọ́pàá fi wá dúró lé e lórí. Kò bá a ṣàlàyé púpọ̀. Ó rọra rìn kúrò níbẹ̀, ó sì gbé agboòrùn náà fún ẹnì kan tó ń kọjá lọ. Ara Kelly gbóná fòò nígbà tí wọ́n ń ya ibẹ̀, ibà ló ń ṣe é. Debbie Reynolds tó ṣe olólùfẹ́ rẹ̀, ìyẹn ọmọbìnrin tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn yẹn, ọmọ ọdún 19 ni, kì í sì í ṣe oníjó tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ya ijó Good Morning tán. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, o ò lè fura.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé, nínú fíìmù tó ń tú àṣírí ẹni tó ń fi ohùn ẹlòmíì ṣe ara rẹ̀ yìí, ohùn Debbie Reynolds fúnra rẹ̀ kọ́ ló wà nínú àwọn orin kan níbẹ̀. Olórin kan, Betty Noyes, ló kọ wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá Stormy Weather, ti 1943. Mi ò ní tàn ọ́, ìtàn inú rẹ̀ fẹ́lẹ́: Bill Robinson tó jẹ́ oníjó ń wá ojú Lena Horne tó jẹ́ olórin, ó tán. Ṣùgbọ́n èèyàn dúdú ló kún inú rẹ̀, láyé tó jẹ́ pé nínú fíìmù àwọn òyìnbó, ńṣe ni wọ́n máa ń fi Lena Horne síbi tí kò kan ìtàn, kó dá kọrin tirẹ̀, kí àwọn onísinimá apá gúúsù Amẹ́ríkà lè gé e jù nù láìba ìyókù jẹ́. Nígbà tí Stormy Weather ń parí lọ, Cab Calloway ń darí àwọn onífèrè rẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Fayard àti Harold Nicholas, bá bọ́ sójú agbo. Irin ló wà nísàlẹ̀ bàtà wọn, ó ń ró kò-kò-kò. Wọ́n ń fò láti orí pèpéle kan sí òmíràn láàárín àwọn onífèrè, wọ́n wá dé orí àtẹ̀gùn gìrìwò kan. Ọ̀kan á fo orí èkejì kọjá, á balẹ̀ sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ tẹsẹ̀tẹsẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á ya gbalaja, á tún dìde láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Èkejì á tún fo tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ti rí oníjó bàtá tó ń fẹsẹ̀ dá ìyá ìlù lóhùn rí, onítọ̀hún á mọ ohun tó ń wò. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó bá ń dúnàádúrà, ibẹ̀ ni mo máa ń gbé sí i fún un. Owó á dé.

Top Hat (1935) ti Fred Astaire àti Ginger Rogers náà dára, pàápàá torí pé Astaire kì í gbà kí wọ́n gé ijó òun wẹ́wẹ́: láti orí dé ẹsẹ̀ ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ máa rí i. Àmọ́ ìtàn rẹ̀ jẹ́ kìkì àṣìmú, ẹnì kan ń fi ẹnì kan pe ẹlòmíì. Tí irú ìyẹn bá máa ń sú ọ, fò ó.

Ó kan Íńdíà báyìí, ọ̀rọ̀ sì yàtọ̀ níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, fíìmù olórin ní ìsọ̀ tirẹ̀. Ní Bombay, fíìmù wọn àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀, Alam Ara ti 1931, orin méje ló wà nínú rẹ̀, látìgbà náà sì ni orin ti wọnú fíìmù ìjà, ti ẹ̀rín, ti ẹkún, ti ẹbí tó sọnù. Má wulẹ̀ wá èyí tó jẹ́ olórin níbẹ̀. Ohun tó o máa wò ni iṣẹ́ tí orin ń ṣe.

Mughal-e-Azam ti K. Asif, 1960, ni mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ wò. Anarkali, oníjó ààfin, àti ọmọ ọba Salim fẹ́ràn ara wọn. Ọba Akbar lóun ò ní gbọ́ irú ẹ̀. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, obìnrin náà jó níwájú ọba nínú gbọ̀ngàn tó jẹ́ kìkì dígí, ó sì kọ ọ́ lórin sí i lójú pé ẹni tó bá fẹ́ràn kò ní ohun tó ń bẹ̀rù. Dúdú òun funfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà, àmọ́ níbi orin yìí, àwọ̀ wọlé, ó sì dùn ún wò. Ọba gbójú sókè, ó bá Anarkali nínú gbogbo dígí àjà, ó ń yí bìrìbìrì, kékeré, àìmọye. Kò síbi tí ọba lè yíjú sí. Kò sí àṣẹ kan tó lè pa wọ́n rẹ́ níbẹ̀. Madhubala ló ṣe Anarkali, àrùn ọkàn sì ti ń bá a fínra nígbà náà. 1969 ló kú, ní ọmọ ọdún 36. Wọ́n ti fi àwọ̀ kun gbogbo fíìmù náà láti 2004. Èmi ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti ní àwọ̀, kí ló wá kù fún gbọ̀ngàn dígí?

Mẹkáníìkì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi tó jẹ́ pé tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lórí rìmóòtù, á sáré kọjá. Ibi dígí yìí ló ti béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Mọ̀mí, obìnrin yìí ló ń kọrin ni?" Rárá o. Lata Mangeshkar ni. Ní Íńdíà, òṣèré kì í sábà kọrin fúnra rẹ̀; olórin á kọ ọ́ sílẹ̀, òṣèré á máa fi ẹnu bá a lọ. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi irú wọn pamọ́. Nígbà tí Lata kọrin fún Madhubala yìí kan náà nínú Mahal, 1949, orúkọ ẹni inú ìtàn, Kamini, ni wọ́n kọ sára àwo orin náà, títí àwọn tó ń gbọ́ ọ ní rédíò fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó ni ohùn. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ Lata ń ta fíìmù. Hollywood ò yọ olórin tirẹ̀ síta bẹ́ẹ̀. Marni Nixon kọrin fún Deborah Kerr nínú The King and I, ó kọ ọ́ fún Natalie Wood nínú West Side Story, ó kọ ọ́ fún Audrey Hepburn nínú My Fair Lady. Ìgbà tó di The Sound of Music, 1965, ni wọ́n tó jẹ́ ká rí ojú òun náà, ó wà láàárín àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn.

Tí o bá ti wo ìyẹn, Pyaasa (1957) ló kàn. Guru Dutt ló darí rẹ̀, òun náà ló ṣe akéwì tí kò rẹ́ni tẹ ewì rẹ̀ jáde, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà á bí ìwé pálapàla. Ọjọ́ tí wọ́n rò pé ó ti kú ni ewì rẹ̀ di àpọ́nlé. Wọ́n ṣe ayẹyẹ ìrántí fún un, gbọ̀ngàn kún, òun fúnra rẹ̀ sì wá dúró sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn wọn, ó na apá méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ orin pé kí ni èèyàn fẹ́ fi ayé yìí ṣe, bó bá tiẹ̀ tẹ òun lọ́wọ́. Sahir Ludhianvi, akéwì gidi, ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà. Lójú tèmi, kò sí fíìmù olórin Amẹ́ríkà kan tó le tó èyí.

Guide (1965) fúyẹ́ ju ìyẹn lọ: Waheeda Rehman jẹ́ ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó jó. Pakeezah (1972), ti oníjó tó fẹ́ kúrò nínú ayé tí wọ́n bí i sí, pẹ́ lọ́wọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí Ghulam Mohammed tó ṣe orin rẹ̀ ti kú kó tó jáde; Meena Kumari tó ṣe oníjó náà kú ní March 31, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó jáde. Awaara (1951) ti Raj Kapoor, orin ọmọ asùnta inú rẹ̀ gba ilẹ̀ Soviet kan. Bàbá Raj gan-an ló ṣe bàbá rẹ̀ nínú ìtàn.

Nǹkan kan wà tó ba fíìmù Íńdíà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi ju ohunkóhun lọ. Ọ̀pọ̀ díìsìkì, ìtumọ̀ máa ń jáde nísàlẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kété tí orin bá bẹ̀rẹ̀, ìtumọ̀ á dákẹ́. Orin ni wọ́n fi sọ ohun tó ṣe kókó! Láìsí ìtumọ̀, obìnrin tó ń dojú kọ ọba níwájú gbogbo ààfin kò ju ẹni tó ń yí lójú kan lọ. Nítorí náà, kó o tó jókòó, sáré lọ síbi orin kan kó o wò ó. Tí kò bá sí ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, wá òmíràn. Wo gígùn rẹ̀ náà: Mughal-e-Azam lé ní wákàtí mẹ́ta. Tí tìẹ bá jẹ́ wákàtí méjì, orin ni wọ́n gé. Ìsinmi wà láàárín rẹ̀ fún ìdí. Dìde níbẹ̀, jẹun, kó o padà wá.

Ti àwọn ọmọ rẹ, The Wizard of Oz (1939) kò ní sú wọn, àfi pé àwọn ọ̀bọ abìyẹ́ inú rẹ̀ lè dẹ́rù ba èyí tó bá kéré jù. Amar Akbar Anthony (1977) á pa wọ́n lẹ́rìn-ín: Amitabh Bachchan jáde látinú ẹyin ńlá pẹ̀lú kóòtù àti fìlà, ó ń kọrin kíkankíkan. Singin' in the Rain, kí gbogbo yín jọ wò ó. Pyaasa àti Pakeezah, jẹ́ kí wọ́n ti sùn kó o tó gbé e sí i.